Àbá tí a lè dán wò: Ọ̀rọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ohun kékeré kan tí ó ń dá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ dúró lójú ọ̀nà.

Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, bí ó ti rí ní ibòmíràn, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì a máa ní kí àwọn ọmọ kíláàsì ṣe iṣẹ́ ìwádìí fúnra wọn. Ọmọ yóò ra ìwé, yóò bò ó, yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí iwájú rẹ̀. Yóò wá ìbéèrè tí ó wù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan ojú ewé tí ó yẹ kí ó kọ àbá rẹ̀ sí, gègé yóò dúró. Ẹlòmíràn yóò da ohun tí ó wà nínú ìwé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ. Ẹlòmíràn yóò kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà tán, yóò rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò padà wá kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òun ti rò ó tẹ́lẹ̀. Olè ni ti àkọ́kọ́, irọ́ ni ti èkejì, àwọn méjèèjì kò sì kọ́ ohunkóhun.

Àbá ni èrò tí ènìyàn gbé kalẹ̀ nípa ohun kan kí ó tó mọ̀ ọ́n dájú. Àwọn àgbà wí pé, àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè mu òkúta. Ẹ ṣàkíyèsí pé ikán dá àbá, òkúta ni ó sì dá a lóhùn. Bí kò bá sí òkúta níbẹ̀, ta ni ìbá mọ ibi tí agbára ikán dé? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àbá sáyẹ́ǹsì rí. Kò tíì di àbá gidi àfi bí ó bá ní òkúta tirẹ̀ níwájú, èyíinì ni ohun kan tí ó lè ṣẹlẹ̀, tí yóò fi hàn gbangba pé àbá náà kò rí bẹ́ẹ̀. Àbá tí kò sí ohun tí ó lè já a nírọ́, kò sí ohun tí ó lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pẹ̀lú.

EWÉKO ÀJÒJÌ LÓRÍ Ọ̀SÀ

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà jẹ́ ti inú ìwé nìkan, ìbéèrè kan wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ tí a lè fi ṣe àpẹẹrẹ. Yàtọ̀ sí ojú oró àti òṣíbàtà tí àwọn baba ńlá ti mọ̀ láti ìgbà pípẹ́, ewéko mìíràn wà lórí ọ̀sà tí ewé rẹ̀ ń dán, tí igi ewé rẹ̀ wú nítorí afẹ́fẹ́ tí ó kún inú rẹ̀, tí òdòdó rẹ̀ sì ní àwọ̀ àlùkò. Water hyacinth ni àwọn òyìnbó ń pè é. Gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Ní ọdún 1984 ni wọ́n ṣàkíyèsí rẹ̀ nínú àwọn omi tóóró ìhà Àgbádárìgì. Láti ìhà orílẹ̀-èdè Benin ni omi ti gbé e wọlé.

Ewéko yìí kì í dúró de ẹni tí yóò gbìn ín. Ọ̀kan a máa ti ara rẹ̀ yọ òmíràn, débi pé níbi tí omi bá ti bá a lára mu, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. A máa wé mọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi, a máa fa àwọ̀n ya, a sì máa dí ẹnu èbúté. Àwọn apẹja Ìbẹ̀ṣẹ àti Bàyékù mọ̀ ọ́n dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá tí ń ta ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ kò bá lè jáde, owó ilé kò ní wọlé.

Nígbà òjò, ewéko náà a máa tẹ́ bí ẹní lórí omi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú dáadáa, èyí tí ó wà ní apá Ìkòròdú a máa pọ́n, a máa rọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ a sì kú. Kí ni ó ń pa á? Ìbéèrè nìyẹn, ìbéèrè tí ó dára ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kì í ṣe àbá. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá àbá ní láti gbìyànjú ìdáhùn kan, kí ó sì dúró tì í.

ÀBÁ MẸ́RIN TÍ KÒ ṢEÉ DÁN WÒ

Bí olùkọ́ bá bi kíláàsì ní ìbéèrè yìí, oríṣiríṣi ìdáhùn ni yóò gbọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè dìde kí ó wí pé, “Ewéko burúkú ni, ó yẹ kí ó kú.” Ìdájọ́ ni èyí, kì í ṣe àbá. Ó sọ bí ewéko náà ti rí lójú ẹni tí ń sọ̀rọ̀, kò sọ ohun tí ó ń pa á.

Ẹlòmíràn lè wí pé, “Ẹni tí ó ni omi ni ó ń lé e lọ.” Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni èyí, sáyẹ́ǹsì kò sì bú ẹnikẹ́ni nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ewéko bá kú, a óò wí pé ẹni tí ó ni omi ti lé e. Bí kò bá kú, a óò wí pé kò tíì fẹ́ lé e ni. Ohun yòówù tí ó bá ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dúró síbi tí ó wà. Kò ní òkúta níwájú rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ti ìwé iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì.

Ẹnì kẹta lè fi ọgbọ́n sọ pé, “Ó lè jẹ́ iyọ̀, ó sì lè má jẹ́ iyọ̀.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní purọ́ láéláé. Ó dà bí ẹni tí ó ní òjò lè rọ̀ lọ́la, ó sì lè má rọ̀. Àgbẹ̀ tí ó gbọ́ ọ kò lè mọ̀ bóyá kí òun sá ẹ̀gẹ́ tàbí kí òun má sá a.

Ẹnì kẹrin wí pé, “Iyọ̀ kò dára fún ewéko náà.” Èyí súnmọ́ ọ̀nà ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí ó dárúkọ ohun kan tí a lè fojú rí, tí a sì lè wọ̀n. Síbẹ̀, kò ní ààlà. Iyọ̀ mélòó? Ṣíbí kan nínú àgbá omi ni, tàbí àpò kan nínú abọ́? Kí ni “kò dára”? Ṣé ewé yóò pọ́n ni, tàbí gbòǹgbò yóò jẹrà? Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó? Ẹni tí kò bá sọ ìwọ̀nyí ṣáájú yóò rí ibi sá sí lẹ́yìn. Bí ewé kan ṣoṣo bá pọ́n, yóò ní ohun tí òun wí nìyẹn. Bí kò bá sí èyí tí ó pọ́n, yóò ní ọjọ́ kò tíì pé ni.

ÀPẸẸRẸ LÁTI INÚ ÌTÀN IBÀ

Àwọn tí ó mú ayé kúrò nínú òkùnkùn nípa àìsàn ibà fi ọ̀nà àbá tí a lè dán wò hàn dáadáa. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá ń wí pé oòrùn ni ó ń fa ibà. Ní ilẹ̀ Òyìnbó láyé àtijọ́, afẹ́fẹ́ burúkú tí ń ti inú àbàtà jáde ni wọ́n di ẹ̀bi rù. Láti inú èdè Ítálì ni orúkọ malaria ti wá, “afẹ́fẹ́ burúkú” sì ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1897, dókítà kan tí ń jẹ́ Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà á gbọ́. Ní ọdún 1900, Patrick Manson tí ó jẹ́ dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù ṣètò láti dán ọ̀rọ̀ náà wò ní ọ̀nà méjì. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀fọn ni ó ń fa ibà, tí kì í ṣe afẹ́fẹ́, ẹni tí ó ń mí afẹ́fẹ́ àbàtà ṣùgbọ́n tí ẹ̀fọn kò jẹ kò ní ṣe ibà. Bákan náà, ẹni tí ẹ̀fọn tí ó ní kòkòrò ibà bá jẹ yóò ṣe ibà, bí ó tilẹ̀ ń gbé ìlú tí kò ní irú àbàtà bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó pé òkúta méjì ni ó gbé síwájú àbá kan ṣoṣo. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá kọ̀, ìtìjú ni yóò bá a.

Àwọn dókítà méjì, Low àti Sambon, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, lọ gbé ní Ostia lẹ́bàá ìlú Róòmù ní àkókò tí ibà ń jà níbẹ̀. Wọ́n ta àwọ̀n wáyà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn ilé wọn. Wọ́n a máa wọlé kí oòrùn tó wọ̀, wọn kì í sì í jáde títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ òru àbàtà lè máa fẹ́ sí wọn. Ibà ń ṣe àwọn ará àdúgbò, ṣùgbọ́n kò ṣe ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Róòmù jẹ ọmọ Manson fúnra rẹ̀, ibà sì mú un. Àbá náà la òkúta méjèèjì kọjá.

Ìmọ̀ yìí kò pẹ́ kí ó tó dé etí ọ̀sà. Sir William MacGregor, dókítà tí ó jẹ́ gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, mú kí wọ́n máa fa omi àbàtà gbẹ, kí wọ́n sì máa pín kuníìnì fún àwọn ará ìlú.

BÍ A ṢE Ń KỌ ÀBÁ TÍ Ó DÚRÓ

Nínú ìtàn yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ohun tí àbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní. Èkíní, ohun kan ṣoṣo tí a ó yí padà: ní Ostia, ẹ̀fọn ni. Èkejì, ohun tí a ó máa wò, tí a ó sì kà tàbí wọ̀n: iye ẹni tí ibà mú. Ẹ̀kẹta, àwọn ohun tí a kò gbọ́dọ̀ yí rárá: afẹ́fẹ́ kan náà, àbàtà kan náà, àkókò kan náà. Ẹ̀kẹrin, ìdí tí a fi rò pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, ohun tí yóò fi hàn pé a ṣìnà.

Bí ẹni kẹrin inú kíláàsì bá fi nǹkan márùn-ún yìí tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ, báyìí ni yóò rí:

“Bí a bá fi gíráàmù 10 iyọ̀ sínú lítà omi kànga kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ọjọ́ 14, ewé tútù tí ó kù lára ewéko inú omi náà kò ní tó ìdajì èyí tí ó wà lára ewéko inú omi kànga tí kò ní iyọ̀, nítorí pé iyọ̀ kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ rí omi fà.”

Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí ó fi èyí kún un: “Bí ewé tútù bá tó ìdajì tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àbá yìí kò dúró.”

Gbólóhùn yìí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kò ní iṣẹ́. Ọmọ mìíràn tí kò mọ ẹni tí ó kọ ọ́ lè kà á ní Ẹ̀pẹ́ kí ó sì ṣe àyẹ̀wò kan náà gan-an. Ẹni tí kò bá sì gbà á gbọ́ mọ ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé láti já a.

Ọjọ́ tí a bá kọ àbá náà ni kí a kọ déètì sí i, kí olùkọ́ sì fi ọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó bu omi sínú abọ́. Láti ìgbà náà lọ, a kò gbọ́dọ̀ pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́. Ẹni tí ó bá ta ọfà tán kí ó tó lọ fa ìlà yí ibi tí ọfà bọ́ sí, kì í ṣe ọdẹ.

ÀYẸ̀WÒ NÍNÚ ABỌ́

Iṣẹ́ yìí kò gba owó púpọ̀. Kí wọ́n wá abọ́ ńlá 15 tí ó dọ́gba. Kí wọ́n bu omi láti inú kànga kan náà, kànga tí ó jìnnà sí ọ̀sà, tí omi rẹ̀ kò ní iyọ̀. Kí abọ́ 5 wà láìsí iyọ̀, kí 5 ní gíráàmù 5 nínú lítà kọ̀ọ̀kan, kí 5 ní gíráàmù 10. Omi òkun fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí gíráàmù 35 nínú lítà kan, nítorí náà ìwọ̀n tí a dá yìí kò dé ti òkun. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá ní òṣùwọ̀n lè lo ṣíbí tíì: iyọ̀ tí ó kún un, tí a fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kí ó tẹ́jú, tó nǹkan bí gíráàmù 5 sí 6. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ iye ṣíbí sínú àbá dípò gíráàmù.

Kí ewéko inú abọ́ kọ̀ọ̀kan dọ́gba ní títóbi àti ní iye ewé. Kí gbogbo abọ́ wà lójú oòrùn kan náà. Oòrùn yóò máa fa omi lọ, ṣùgbọ́n kì í fa iyọ̀. Nítorí náà, kí wọ́n fi àmì sí etí abọ́, kí wọ́n sì máa fi omi kànga tí kò ní iyọ̀ kún un dé ojú àmì lójoojúmọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iyọ̀ yóò máa le sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi kún un. Kí wọ́n máa ka ewé tútù ní ọjọ́ kejì-kejì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn abọ́ tí kò ní iyọ̀ ni abọ́ ìfiwéra. Ọmọ tí kò bá ní wọn, tí ewéko rẹ̀ sì kú, kò lè mọ̀ bóyá iyọ̀ ni ó pa á tàbí abọ́ ni kò gbà á. Ìdí tí a sì fi lo abọ́ márùn-ún dípò ọ̀kan ni pé ewéko kan ṣoṣo lè kú nítorí àìsàn tirẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí márùn-ún bá sọ ohun kan náà, ọ̀rọ̀ wọn yóò wọni létí ju ti ẹnì kan lọ.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe da ewéko náà sínú odò tàbí gọ́tà, nítorí ẹ̀ka kékeré lásán lè di oko ńlá. Kí wọ́n sá a gbẹ, kí wọ́n sì bò ó mọ́ ilẹ̀ níbi tí ó jìnnà sí omi.

OÒRÙN KAN NÁÀ, OMI Ọ̀TỌ̀Ọ̀TỌ̀

Ẹni tí ó bá ní làákàyè lè béèrè pé, “Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣé kì í ṣe oòrùn ni ó ń pa ewéko náà lórí ọ̀sà?” Ìbéèrè gidi ni, nítorí oòrùn líle àti iyọ̀ a máa dé pọ̀. Nígbà òjò, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn a máa ti omi tí kò ní iyọ̀ wọ inú ọ̀sà Èkó lọ́pọ̀lọpọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn agbára wọn a dín kù, omi òkun a sì gba ẹnu èbúté Èkó wọlé, iyọ̀ a sì dé apá Ìkòròdú. Nígbà tí ohun méjì bá dé papọ̀, báwo ni a ṣe lè mọ èyí tí ó jẹ̀bi?

Níbi yìí ni ìlú méjèèjì ti di ilé àyẹ̀wò tí ẹnikẹ́ni kò kọ́. Ẹ̀pẹ́ jìnnà sí ẹnu èbúté Èkó, odò Ọ̀ṣun sì ń da omi sínú ọ̀sà Lẹ́kí tí ó wà nítòsí rẹ̀. Nítorí èyí, omi apá Ẹ̀pẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní iyọ̀ jálẹ̀ ọdún. Oòrùn tí ń ràn ní Ìkòròdú náà ni ó ń ràn ní Ẹ̀pẹ́. Ọyẹ́ kan náà ni ó ń fẹ́ sí méjèèjì. Ohun tí ó yàtọ̀ ni iyọ̀ inú omi.

Nítorí náà, àbá kejì lè jáde báyìí: “Bí ó bá jẹ́ iyọ̀ ni ó ń pa ewéko náà, láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta, ewéko tútù yóò dín kù ní èbúté Ìkòròdú ju ti Ẹ̀pẹ́ lọ.” Bí ó bá jẹ́ oòrùn ni, ti ìlú méjèèjì ni yóò jọ máa kú. Òkúta náà hàn kedere: bí ewéko Ẹ̀pẹ́ bá kú bákan náà pẹ̀lú ti Ìkòròdú nígbà tí omi Ẹ̀pẹ́ kò ní iyọ̀, àbá iyọ̀ ti ṣubú.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìkòròdú àti ọ̀kan ní Ẹ̀pẹ́ lè dá ọwọ́ pọ̀ ṣe èyí. Ní ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ka ewéko tútù tí ó wà nínú ààyè tí wọ́n ti fi igi wọ̀n ní mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Kí wọ́n bu lítà omi kan, kí wọ́n fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, kí wọ́n sè é títí omi yóò fi gbẹ, kí wọ́n sì wọn iyọ̀ tí ó kù nínú ìkòkò. Ní Ìkòròdú ni Yunifásítì Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sì ní ẹ̀ka ní Ẹ̀pẹ́. Olùkọ́ tí ó bá nílò irinṣẹ́ tí ó péye ju ìkòkò lọ lè kọ ìwé sí wọn. Ṣùgbọ́n kí ọmọ kankan má ṣe dá lọ sí etí omi. Kí àgbà tí ó mọ omi wà pẹ̀lú wọn, kí ẹni tí ó bá sì máa wọ ọkọ̀ gbé ẹ̀wù amúniléfòó wọ̀.

Ohun kan sì tún kù. Bí àbá iyọ̀ bá dúró, kò túmọ̀ sí pé kí a lọ da iyọ̀ sínú odò Ẹ̀pẹ́. Àyẹ̀wò inú abọ́ kò sọ ohunkóhun nípa ẹja, nípa ohun ọ̀gbìn etí omi, tàbí nípa omi tí ènìyàn ń mu. Ìdáhùn sí ìbéèrè kan kì í ṣe ìdáhùn sí òmíràn.

NÍGBÀ TÍ ÀBÁ BÁ ṢUBÚ

Ẹ̀rù tí ó ń ba ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni pé bí àbá wọn kò bá rí bẹ́ẹ̀, máàkì wọn yóò lọ. Ìtàn kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní Yábàá, ní òdìkejì ọ̀sà sí Ìkòròdú, yẹ kí ó lé ẹ̀rù náà lọ.

Ọ̀mọ̀wé ará Japan kan, Hideyo Noguchi, tí ń ṣiṣẹ́ ní New York, ti kéde pé òun rí kòkòrò tí ó ń fa ibà pọ́njú, èyí tí òyìnbó ń pè ní yellow fever. Olókìkí ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà á gbọ́. Àwọn dókítà tí ilé-iṣẹ́ àánú Rockefeller rán wá sí Yábàá wá kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọn kò rí i. Ní ọdún 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi ní ilẹ̀ Gánà, wọ́n gún un sára ọ̀bọ Íńdíà, àìsàn náà sì mú ọ̀bọ náà. Kì í ṣe kòkòrò Noguchi ni ó wà níbẹ̀, fáírọ́ọ̀sì ni. Asibi yè. Ṣùgbọ́n Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn dókítà náà, kó àìsàn ọ̀hún, ó sì kú ní Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1927. Noguchi fúnra rẹ̀ wá sí Accra láti tún ọ̀rọ̀ náà wò. Ibà pọ́njú pa á níbẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1928.

Àbá Noguchi ṣubú, ṣùgbọ́n nítorí pé ó ṣeé dán wò ni ó fi ṣeé ṣe láti mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Láti inú fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D ní ọdún 1937. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1951, abẹ́rẹ́ náà sì ń dáàbò bo àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí títí di òní. Bí àwọn ará Yábàá bá ti bẹ̀rù orúkọ ńlá, tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn rí ohun tí wọn kò rí, ta ni ó mọ iye ọmọ tí ìbá ti bá a lọ?

IṢẸ́ OLÙKỌ́ ÀTI TI ÒBÍ

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fún ọmọ ní máàkì nítorí pé àbá rẹ̀ bọ́ sí i. Ẹ wo bóyá àbá náà ní ààlà, bóyá ó ní abọ́ ìfiwéra, bóyá ohun tí ó kà ni ó kọ. Ọmọ tí ó kọ ọ́ pé, “Àbá mi kò dúró, ohun tí mo rí nìyí,” ti ṣe iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ní àṣepé. Bí ẹ bá nà án nítorí èyí, irọ́ ni ẹ ń kọ́ ọ, yóò sì bá irọ́ náà dé ibi iṣẹ́ oògùn, iṣẹ́ afárá àti iṣẹ́ ìjọba.

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ọmọ bá béèrè pé, “Ìyá, ṣé lóòótọ́ ni ẹja tí a yan fún ọjọ́ méjì kì í tètè bàjẹ́ bí èyí tí a yan fún ọjọ́ kan?” ẹ má ṣe lé e lọ. Ìmọ̀ yín ni òkè àbá rẹ̀ ti ń ṣàn. Ẹ fún un ní ẹja méjì mẹ́ta, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ àbá yín kí ẹ tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ ó yí, ohun tí ẹ ó kà, ohun tí ẹ kò ní yí, ìdí tí ẹ fi rò bẹ́ẹ̀, àti ohun tí yóò já yín nírọ́. Àwọn àgbà wí pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹni tí ó bá kọ àbá rẹ̀ dáadáa ni ó ń dá ọjọ́ náà fún òtítọ́, kí ogún ọdún tó kọjá.